Bí a ṣe ń yan píìkì ìka fún jìtá stíìlì, tí a sì ń tẹ̀ ẹ́ kó bá ìka mu

Píìkì ni ohun kékeré tí a ń wọ̀ sórí ìka láti fi fa okùn jìtá stíìlì, ìyẹn jìtá tí a ń tẹ́ sílẹ̀, tí ọwọ́ òsì ń fi irin yọ̀ lórí okùn rẹ̀. Ìka tí ẹ máa wọ̀ ọ́ sí ni kí ẹ gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó dà bí ọ̀rọ̀ àwàdà, àmọ́ mo mọ ẹni tó rán àbúrò rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn pé kó bá òun ra píìkì. Ọmọ náà wọ̀ ọ́ wò, ó bá a mu, ó sanwó. Nígbà tó gbé e dé Ògbómọ̀ṣọ́, kò kọjá orí èékánná ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ má sì lọ láàárọ̀ ọyẹ́. Ìka máa ń sún kì nínú òtútù, èyí tó bá yín mu láàárọ̀ á há yín mọ́ra bí oòrùn bá ti mú.

Mẹ́ta lẹ máa rà: ti ike kan fún àtàǹpàkò, ti irin méjì fún ìfábẹ̀lá àti ìka àárín. Àwọn kan ń fi ìkẹta irin sí ìka tó tẹ̀ lé e. Èmi kì í fi síbẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ má tíì fi síbẹ̀.

Ní ti bó ṣe nípọn, ilé iṣẹ́ Dunlop tó ń ṣe píìkì máa ń tẹ nọ́ńbà sára tiwọn, láti 0.013 dé 0.025, ìǹṣì ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Èyí tó fẹ́lẹ́ rọrùn láti tẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń dún ṣàkàṣàkà, okùn tó bá sì nípọn a máa tẹ̀ ẹ́ padà. 0.025 ni mo ń lò. Bí ìka yín bá ṣì ń bẹ̀rù irin, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 0.018. Ti idẹ náà dára, ohùn rẹ̀ máa ń rọ̀ díẹ̀ létí mi. Mo ti rí àwọn tó gé tiwọn lára agolo mílíìkì. Ó ń dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí agolo mú, ẹ̀jẹ̀ ò sì bá orin mu.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Píìkì irin ní ojú pẹlẹbẹ kan àti etí méjì. Etí ló ń di ìka mú, ojú ló ń kan okùn. Inú ìka ni ojú yẹn ń gbé, ibi tí a fi ń tẹ̀ka lọ́jọ́ ìdìbò, kì í ṣe orí èékánná. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ọmọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì kan níbí wọ̀ ọ́ bí àwọn obìnrin ṣe ń lẹ èékánná. Bí wọ́n ṣe gbé orin ìyìn, ó fa okùn àkọ́kọ́, píìkì fò, ó bọ́ sáàárín àwọn akọrin. Lẹ́yìn ìsìn mo ní kó yí i padà. Ó ní, “Bọ̀dá mi, ṣebí èékánná irin ni?” Mo ní èékánná ni, abẹ́ ìka ló ń hù sí.

Tí ẹ bá ti yí i bó ṣe yẹ, ẹ jẹ́ kí etí rẹ̀ dúró sí ìdí èékánná. Tó bá gun oríkèé, ìka ò ní lè ká. Ẹ má ki pílásì bọ̀ ọ́ lásán: eyín rẹ̀ á jẹ irin náà, ibi tó bá jẹ á sì máa họ yín títí. Ẹ fi àkísà wé ẹnu pílásì. Ṣùgbọ́n èmi, màkà ni mo ń lò, èyí tí tíṣà fi ń kọ pátákó funfun: mo gbé píìkì lé e lára, mo fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ etí rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má máa ká a kí ẹ tún máa tú u. Irin tí a ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn a máa kán. Lẹ́yìn náà, ẹ gbọn ọwọ́ bí ẹni ń gbọn omi dànù. Tó bá fò, ó dẹ̀. Ẹ wọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí orí ìka bá ń lù kì-kì-kì, ó há. Tí òógùn bá ń mú un yọ̀, ẹ gé pílásítà egbò tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ̀ mọ́ inú etí rẹ̀. Páúdà ò ṣe é.

Ó ku ojú rẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Tuntun rẹ̀ máa ń nà gbọọrọ. Ẹ fi etí tábìlì tì í kó ká tẹ̀ lé orí ìka, bí èèpo ẹ̀pà ṣe ká mọ́ ọmọ ẹ̀pà. Kó yọ kọjá ẹran ìka ní mìlímítà 2 sí 3, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá gùn, á máa kọ́ okùn ẹ̀gbẹ́, pàápàá lórí jìtá stíìlì tó ní pẹ́dà tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tí okùn 10 fún pọ̀ lórí rẹ̀. Tó bá kúrú, ẹran ìka á kọ́kọ́ kan okùn, ohùn á kú.

Ẹni tó bá gbọ́ Démọ́lá Adépọ̀jù nídìí jìtá stíìlì lẹ́yìn Ọba Sunny Adé á rò pé irin ọwọ́ òsì tó ń yọ̀ lórí okùn ló ni gbogbo adùn. Ó ṣe tirẹ̀, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún ló ń kọ́kọ́ kan okùn. Ẹ wo onígángan: ojú kọ̀ǹgọ́ ló fi ń bá awọ pàdé, kì í fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ha á. Tí ẹ bá ń gbọ́ gírígírí kí ohùn tó jáde, ẹ̀gbẹ́ píìkì ló ń ha okùn. Ẹ yí i lórí ìka díẹ̀ kó lè bá okùn pàdé pẹlẹbẹ. Tí ìró náà ò lọ, ẹ fi ìka pa ojú irin: tó bá ti rí gbágungbàgun, ẹ fi sáńpépà nọ́ńbà 1000 ra á kó dán.

Ti àtàǹpàkò ò le. S, M àti L ló wà. Tó bá há, ẹ rì í sínú omi gbígbóná, kí ẹ ṣí i díẹ̀, kí ẹ dì í mú títí á fi tutù. Ẹ má yá a níná láéláé, torí irú ike kan tó ń jẹ́ sẹ́lúlọ́ìdì ni wọ́n fi ṣe àwọn kan, ó sì máa ń gbiná wàràwàrà.

Ẹ fi fáìlì fa ilà kékeré sára ti ìfábẹ̀lá kó má baà pààrọ̀ pẹ̀lú ti àárín. Agolo Robb ni mo ń kó tèmi sí. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kí ẹ tó lò ó; èmi ò fọ tèmi ní àkọ́kọ́, mo fi ìka pa ojú mi láàárín orin.