Kìlómítà 5 àkọ́kọ́: ibi tó ti máa ń há fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ eré sísá

Díẹ̀ nìyí lára ìbéèrè tí àwọn tó ń múra fún eré kìlómítà 5 máa ń bi mí. Lórí pápá tí ìyípo rẹ̀ jẹ́ mítà 400, ìyípo méjìlá àti ààbọ̀ ni. Kò kéré, àmọ́ kò pa èèyàn.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì sáré kọjá òpó iná mẹ́ta tí mo fi ń mí gúlegúle. Ṣé wọn ò dá eré mọ́ mi ni?

Wọ́n dá a mọ́ ẹ, àbúrò. Eré tí ò ń sá ló ti le jù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń sá bí ẹni tí ajá ń lé, torí pé eré tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ láti kékeré ni ọgọ́rùn-ún mítà ọjọ́ eré ìdárayá iléèwé. Kìlómítà 5 ò jọ ọ́ rárá.

Bó o ṣe máa mọ̀ pé eré náà mọ níwọ̀n nìyí: bó o ṣe ń sá a lọ, sọ gbólóhùn gígùn kan jáde lẹ́nu, irú bíi "Kọ̀ńdọ́, màá bọ́ọ́lẹ̀ l'Ójúẹlẹ́gbà, má gbàgbé ṣéńjì mi o." Bó o bá ní láti dákẹ́ mí èémí kó o tó parí rẹ̀, dín eré kù. Bí ìyá tó gbérù bá rìn kọjá ẹ, jẹ́ kó kọjá.

Má sì tíì sá a lọ gbọọrọ. Ará Amẹ́ríkà kan, Josh Clark, ṣe ètò ọ̀sẹ̀ 9 kan lọ́dún 1996, ìyá rẹ̀ ló sì ní lọ́kàn nígbà tó ń ṣe é. Couch to 5K (láti orí àga dé kìlómítà 5) ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni, pẹ̀lú ọjọ́ ìsinmi láàárín. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, wàá fi ìṣẹ́jú 5 rìn kánkán, wàá wá sá ìṣẹ́jú kan, wàá rìn fún ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀, wàá tún sá, wàá tún rìn, títí ogún ìṣẹ́jú á fi pé. Ó lè rọrùn débi tí ojú á fi fẹ́ máa tì ẹ́. Má fi kún un. Ọkàn àti èémí tètè ń mọ́ra. Eegun àti iṣan máa ń pẹ́ kí wọ́n tó le, tìtorí wọn ni ọjọ́ ìsinmi ṣe wà.

Ìbéèrè: Gbogbo ẹ̀ ń lọ geere títí dé ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Lọ́jọ́ kejì, mo sá ìṣẹ́jú 8 lẹ́ẹ̀mejì, mo rìn láàárín. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní kí n sá 20 láìrìn! Mi ò dé ìdajì.

Ibẹ̀ gan-an ni àwọn kan ti ń pa ètò náà tì, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Kó o tó dá ẹsẹ̀ lẹ́bi, aago mélòó lo jáde? Ní Èkó tàbí Ìbàdàn, ẹni tó jáde kí aago mẹ́fà tó lù àti ẹni tó jáde láago mẹ́jọ ààbọ̀ kì í sá eré kan náà. Bí ooru bá mú, ara á máa darí ẹ̀jẹ̀ sí awọ kó lè tutù, iṣẹ́ ọkàn á sì pọ̀ sí i bí eré ò tiẹ̀ yá sí i. Ìkejì, báwo lo ṣe sá ìṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́? Ó yẹ kó lọ́ra débi tó máa sú ẹ.

Tún ọ̀sẹ̀ náà ṣe. Fi ọjọ́ kan tìẹ sáàárín: sá 10, rin 2, sá 10. Èèyàn ló ṣètò náà, kì í ṣe òfin ìjọba. Ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ 13 parí ètò ọ̀sẹ̀ 9 ti parí ẹ̀ náà nìyẹn.

Ìbéèrè: Ìhà ọ̀tún máa ń gún mi, pàápàá tí mo bá sáré nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́.

Kí lo jẹ, ìgbà wo lo sì jẹ ẹ́? Ẹ̀bà aago mẹ́rin àti mínírà tó o fi sìn ín ṣì wà níkùn nígbà tó o bẹ̀rẹ̀ eré láago márùn-ún ààbọ̀. Fi wákàtí méjì sí mẹ́ta sáàárín oúnjẹ tó wúwo àti eré. Bó bá ti mú ẹ lójú ọ̀nà, máa rìn, fọwọ́ tẹ ibẹ̀, tẹ̀ síwájú díẹ̀, kó o rọra máa mí jáde. Ó sábà máa ń lọ. Àmọ́ bó bá jẹ́ àárín àyà ló ń dùn ẹ́, tó ń tàn dé apá tàbí àgbọ̀n, tàbí tí òòyì ń kọ́ ẹ, dúró, kó o sì máa lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Ìbéèrè: Ojúgun méjèèjì ń ro mí lẹ́yìn eré. Ṣé bàtà ni? Tòkunbọ̀ ni mo rà.

Rọra fi ìka tẹ ojúgun náà láti ìsàlẹ̀ orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Bí ìrora bá tàn gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun, ó jọ pé o ti tètè fi kún eré jù. Sinmi títí wàá fi lè rìn láìsí ìrora, kó o padà sí ọ̀sẹ̀ tó rọrùn, lórí koríko tàbí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ bó bá ṣeé ṣe. Bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló ń dùn ẹ́ wọra, tó sì ń ro ẹ́ lóru, eegun lè ti fẹ́ sán. Dókítà ló kàn. Má sá eré kankan mọ́ ná.

Ní ti bàtà, tòkunbọ̀ ò burú bó o bá mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò. Di orí àti gìgísẹ̀ rẹ̀ mú, kó o tẹ̀ ẹ́: ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti ń ká ló yẹ kó ti ká. Bó bá ká láàárín, dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Gbé e sórí tábìlì, wò ó láti ẹ̀yìn. Bó bá dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, olówó àkọ́kọ́ ti lò ó tán. Ìrọ̀lẹ́ ni kó o wọ̀ ọ́ wò, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kí àyè àtàǹpàkò ọwọ́ kan sì ṣẹ́ kù níwájú.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, mo ti pé ọdún 58, mo sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn ọmọ mi ní kí n jókòó jẹ́ẹ́.

Ẹ má tíì jókòó, Mà. Ẹ kọ́kọ́ rí dókítà yín, kẹ́ ẹ sọ fún un pé eré lẹ fẹ́ sá, kì í ṣe ìrìn lásán. Bó bá fọwọ́ sí i, ẹ bi í bóyá oògùn yín wà lára àwọn tó máa ń dín bí ọkàn ṣe ń lù kù. Bó bá wà lára wọn, nọ́ńbà tí aago ọwọ́ tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù ń gbé jáde ò ní sọ bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ tó fún yín. Gbólóhùn kọ̀ńdọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ máa fi wọ̀n ọ́n. Ẹ lè fi odindi oṣù kan rìn kánkán kẹ́ ẹ tó fi eré sí i.

Ìbéèrè: Peckham ní London ni mo wà, ọ̀rẹ́ mi ní kí n wá sí parkrun, eré kìlómítà 5 tí wọ́n máa ń sá nínú páàkì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé èmi ni màá gbẹ́yìn.

O ò lè gbẹ́yìn. Wọ́n máa ń yan ẹnì kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa bọ̀ lẹ́yìn gbogbo èèyàn. Bushy Park ní London ni parkrun ti bẹ̀rẹ̀ lóṣù October 2004, èèyàn 13 ló sì sá a lọ́jọ́ náà. Ọ̀fẹ́ ni, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé, àwọn kan a tiẹ̀ máa rìn ín látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ̀yìn ni kó o dúró sí tí wọ́n bá fẹ́ gbéra; bó o bá sún mọ́ àwọn tó wà níwájú, wọ́n á fà ẹ́ sáré. Má wọ bàtà tuntun lọ́jọ́ yẹn, má sì wọ ìbọ̀sẹ̀ tuntun. Forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú ọjọ́ náà, kó o sì mú bákóòdù ẹ (àmì onílà tí wọ́n máa fún ẹ) dání: láìsí i, wọn ò ní kọ àkókò ẹ sílẹ̀, bó ti wù kó o sá a dáadáa tó.