Ikọ́ adìyẹ tí kò gbọ́ amoxicillin: bí a ṣe ń dá Mycoplasma mọ̀

Bí adìyẹ yín bá ń wúkọ́, tó ń sín, tí ikun ń jáde nímú rẹ̀, tí amoxicillin kò sì ràn án, ẹ fura sí Mycoplasma. Bakitéríà ni, ṣùgbọ́n ó kéré débi pé ó ń gba inú asẹ́ tí ihò rẹ̀ jẹ́ 0.45 máíkírómítà kọjá. Kò ní ògiri lára, bẹ́ẹ̀ ògiri ni penicillin àti amoxicillin ń bà jẹ́. Owó oògùn ti gbé nìyẹn.

Irú méjì ló ń yọ ọlọ́sìn adìyẹ lẹ́nu jù. Ọ̀nà èémí ni Mycoplasma (M.) gallisepticum ń bá jà. Bí tòlótòló bá kó o, ojú rẹ̀ á wú. M. synoviae náà lè fa ikọ́, àmọ́ ó tún ń mú orúnkún àti àtẹ́lẹsẹ̀ wú, adìyẹ á máa tiro. Àrùn Newcastle náà ń fa ikọ́ o, nítorí náà ẹ má fi ojú lásán dájọ́.

Ẹ gba àyẹ̀wò kí ẹ tó lo oògùn kankan, torí oògùn máa ń fi kòkòrò pamọ́. Kí dókítà ẹran fa ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ apá adìyẹ mẹ́wàá sí ogún. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì, ẹ da omi rẹ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ gbé e sínú fìríìjì. Ẹ má gbé e sí fírísà, ó lè mú kí èsì parọ́. Láàárín wákàtí 72, wọ́n á kán an pọ̀ mọ́ èròjà aláwọ̀ lórí táìlì funfun, wọ́n á máa mì í. Bó bá ṣù jọ kí ìṣẹ́jú méjì tó pé, kòkòrò lè wà níbẹ̀. “Lè” ni mo wí: abẹ́rẹ́ àjẹsára olóróro tí ẹ gún láìpẹ́ lè mú un ṣù, irú méjèèjì sì lè jọ ara wọn nínú àyẹ̀wò yìí.

PCR, àyẹ̀wò tó ń wá jíìnì kòkòrò náà, ló ń yanjú ìyẹn. Ẹ fi òwú orí ọ̀pá ike nu ọ̀nà ọ̀fun (ti onígi lè ba PCR jẹ́), kí ẹ gbé e sínú kúlà tó ní yìnyín. Bí láàbù bá gbìn ín, ó lè gba ọjọ́ púpọ̀. Lábẹ́ maikirosikópù, ó rí bí ẹyin díndín. Gallisepticum ń jẹ ṣúgà glukósì, á sọ omi pupa tí wọ́n gbìn ín sí di yẹ́lò. Synoviae kì í dàgbà láìsí NAD, èròjà kan tí láàbù ń fi kún oúnjẹ rẹ̀.

Ẹ kọ orúkọ àjẹsára àti ọjọ́ tí ẹ lò ó sára àpẹẹrẹ. Kòkòrò ààyè ni àjẹsára F, ts-11 àti 6/85, PCR á rí wọn. Láàbù ní láti ka jíìnì mgc2 kó tó mọ̀ bóyá ti àjẹsára ni.

Oògùn tylosin àti tiamulin ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tiamulin pẹ̀lú oúnjẹ tó ní salinomycin tàbí monensin (oògùn coccidiosis) lè pa adìyẹ. Oògùn kì í mú un kúrò pátápátá, ìyá ṣì ń fi í sínú ẹyin: ẹ ta ẹyin wọn fún jíjẹ lẹ́yìn tí ọjọ́ ìdádúró oògùn bá pé, ẹ má fi pa ọmọ.