Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sẹ̀mẹ́sítà tuntun lẹ́yìn tí mo kúrò ní Zoology bọ́ sí Statistics

Nígbà tí Sẹ́nétì ilé ẹ̀kọ́ wa fọwọ́ sí i pé kí n kúrò ní Zoology lọ sí Statistics, ńṣe ni àwọn ará ilé ń kí mi kú oríire. Bàbá mi, tí ọ̀rọ̀ Medicine tí mi ò rí wọ̀ ṣì ń dùn ún, ní ṣé báńkì ni mo wá ń lọ báyìí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wọn pé lẹ́tà ìyípadà tí wọ́n fún mi kì í forúkọ èèyàn sílẹ̀ ní kíláàsì kankan.

Kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé ni mo ti lọ wá fáìlì mi. Ẹ má jókòó sílé kí ẹ máa retí pé ọ́fíìsì kan á fi ránṣẹ́ sí èkejì. Lápá ibí wọ́n ní, "A ò tíì rí i o", lápá ọ̀hún wọ́n ní, "Ó ti kúrò lọ́dọ̀ wa." Mo bá ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ mi: lẹ́tà ìyípadà, èsì ọdún kìíní, èsì WAEC, rìsíìtì owó ilé ẹ̀kọ́. Mo tò wọ́n sínú fáìlì tuntun, mo sì kọ nọ́ńbà mátíríìkì mi gàdàgbà sí i níwájú. Màmá tó jẹ́ akọ̀wé ní Statistics ṣí i wò, ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé lọ́yà ni ìyá ẹ ni?" Ọjọ́ yẹn náà ló gbé e síwájú HOD, ìyẹn olórí ẹ̀ka.

Orí portal, ọmọ Zoology ni mo ṣì jẹ́. Àwọn ará ICT ló ń yí ìyẹn. Ẹ má san owó ẹgbẹ́ fún ẹ̀ka àtijọ́ kí wọ́n tó yí i tán.

Fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì gan-an ni iṣẹ́. Ọdún kejì ni wọ́n gbà mí sí, ṣùgbọ́n mo jẹ gbèsè ọdún kìíní: STA 111 àti STA 112. MTH 101, MTH 102 àti àwọn GST, ìyẹn kọ́ọ̀sì tí gbogbo ẹ̀ka jọ ń ṣe, bá mi sọdá. BIO 101 tí mo gba A nínú rẹ̀ ńkọ́? Statistics ò nílò rẹ̀, ẹ̀yìn ló kù sí. C tí mo gbà ní MTH 101 ló tẹ̀ lé mi. A jẹ́ 5, C jẹ́ 3, nítorí náà CGPA, ìyẹn àròpín èsì yín, tí ẹ fi gba ìyípadà lè máà jẹ́ èyí tí ẹ máa bá wọlé. Ẹ ní kí wọ́n ṣírò rẹ̀ lójú yín.

Ó tún ku kókó kan. STA 211, ìyẹn Probability II, sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ wa. STA 112, tó jẹ́ Probability I, ó di sẹ̀mẹ́sítà kejì. Mo fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, torí yúníìtì 24 tí wọ́n fún wa láyè ò tíì kún. Kọ́ọ̀sì adífáísà mi mú báírò pupa, ó fa ìlà láti ara 112 lọ sí 211, ó tún fà á lọ bá àwọn kọ́ọ̀sì ọdún kẹta tó dúró lé e lórí. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ mọ̀ ọ́n ni, àbí o kàn fẹ́ tètè jáde?" Mo ní, "Méjèèjì ni, sà." Ó fagi lé 211. Ọdún tó ń bọ̀ ni n óò ṣe é, mo sì gbà pé ó tọ̀nà: ẹni tó bá ń fi ìkánjú sá fún ẹ́sítírà yíà, kárí-ófà, ìyẹn kọ́ọ̀sì tó féèlì tó gbọ́dọ̀ tún ṣe, ló sábà máa ń gbé e padà síbẹ̀.

Ní kíláàsì STA 111, àwọn ọmọ ọdún kìíní ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Wọ́n rò pé mo féèlì ni, mi ò dá wọn lóhùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ wa ní mean àti standard deviation, epìyà tá a máa ń tò sórí rúlà ní láàbù Zoology ló wá sí mi lọ́kàn. Inú agbada omi kan náà la ti kó wọn, síbẹ̀ gígùn wọn ò dọ́gba, a kàn ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀ ni. Bí wọ́n ṣe jìnnà sí àárín tó ni olùkọ́ yìí ń kọ sójú pátákó. Mi ò béèrè ìbéèrè kankan lọ́jọ́ náà. Kíláàsì kan forí gbárí pẹ̀lú ti ọdún kejì, ni mo bá wọ WhatsApp kíláàsì méjèèjì, mo sì ń gba nóòtì.

Ẹ má gbàgbé JAMB o. Ohun tí Sẹ́nétì ṣe ò dé ọ̀dọ̀ wọn fúnra rẹ̀. Mo lọ sí ibùdó CBT láti béèrè fún ìyípadà náà, ilé ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí i lórí CAPS, ìyẹn ojú òpó ìgbaniwọlé JAMB, mo wá tẹ lẹ́tà ìgbaniwọlé tuntun jáde. Bí orúkọ kọ́ọ̀sì tó wà lọ́dọ̀ JAMB bá yàtọ̀ sí èyí tí ilé ẹ̀kọ́ fi ránṣẹ́ sí NYSC, àwọn ẹgbẹ́ yín á ti di àgùnbánirọ̀, ẹ̀yin á ṣì wà lẹ́nu àtúnṣe. Ẹ̀dà lẹ́tà náà wà nínú fáìlì mi ní ọ́fíìsì Statistics báyìí. Èyí tó kù, mo fún bàbá mi.