Oṣù mélòó ni kí ẹ fún ejẹ́ntì? Bí a ṣe ń dá ọjọ́ sínú àdéhùn ilé ní Òṣogbo

Bí ẹnì kan bá fẹ́ ta ilé ní Òkè-Fìà, tàbí tó fẹ́ fi yàrá méjì háyà lọ́nà Òkè-Baálẹ̀, iye owó ló kọ́kọ́ máa ń bá ejẹ́ntì sọ. Ọjọ́ tí àdéhùn máa parí kì í sábà wọ ọ̀rọ̀ náà rárá. "Ẹ bá wa wá ẹni tó máa rà á," ó tán nìyẹn. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ilé ti tà nípasẹ̀ ẹlòmíì, ejẹ́ntì àkọ́kọ́ á yọ sẹ́nu ọ̀nà, á ní òun lòun kọ́kọ́ mú ẹni yẹn wá, kí wọ́n ká owó òun sílẹ̀.

Onílé àti ejẹ́ntì ló ń fẹnu kò sí iye oṣù. Fún títa ilé tàbí ilẹ̀, oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ló wọ́pọ̀. Fún wíwá ayálégbé, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ ti tó. Fún àbójútó, ìyẹn kí ejẹ́ntì máa gba owó ilé, kí ó sì máa pe púlọ́ńbà nígbà tí páìpù bá bẹ́, ọdún kan ni wọ́n sábà ń kọ, wọ́n á sì tún un ṣe bí iṣẹ́ bá dára. Àwọn ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà mọ oṣù mẹ́fà dáadáa, torí ó wọ́pọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ bí ẹ̀gbọ́n yín bá fi fọ́ọ̀mù tọ̀hún ránṣẹ́ láti Houston, ẹ má kàn buwọ́ lù ú. Ohun tó ń jẹ ọjọ́ níbẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tó ń jẹ ọjọ́ níbí.

1. Ẹ ka iṣẹ́ kí ẹ tó ka oṣù

Rírí olùrà lè má pẹ́. Ohun tó ń pẹ́ ni ohun tó tẹ̀ lé e: lọ́yà olùrà á lọ yẹ ìwé wò lọ́dọ̀ ìjọba, sọfíyọ̀ á wo òpó ilẹ̀ bóyá ó bá ìwé mu, wọ́n á dúnàádúrà, wọ́n á kọ ìwé títà, lẹ́yìn náà ni owó á wọlé. Ilé tó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, tí ìwé rẹ̀ pé, oṣù mẹ́ta tó o. Èyí tó jẹ́ risíìtì nìkan ló ní, oṣù mẹ́fà ni kí ẹ fi sí i, tàbí kí ẹ kọ́kọ́ tún ìwé ṣe.

Ìyọ̀ǹda gómìnà tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 béèrè fún kí ilẹ̀ tó di ti ẹlòmíì jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ má fi àdéhùn ejẹ́ntì dúró dè é. Ẹ kọ ọ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ parí lọ́jọ́ tí olùrà bá san owó tán.

Bí ilé bá jẹ́ ti ẹbí, ẹ má tíì jẹ́ kí ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilé ẹbí láìsí olórí ẹbí, títà náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá lójú òfin. Bí olórí ẹbí náà bá dá a tà láìsọ fún àwọn àgbà ẹ̀ka ẹbí, wọ́n lè ní kí ilé ẹjọ́ fagi lé e. Ejẹ́ntì tó ti fi oṣù méjì rìn kí àbúrò bàbá kan tó dé láti Ìbàdàn pé òun kò gbọ́ sí i á fẹ́ gba owó ìrìn àjò rẹ̀. Kí gbogbo wọn buwọ́ lùwé ná, kí a tó kọ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀.

2. Ejẹ́ntì kan, tàbí mélòó kan?

Ejẹ́ntì tó bá jẹ́ pé òun nìkan ni ẹ fún ní iṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè oṣù mẹ́ta gbáko, torí òun ló máa ṣe pátákó tó sì máa san owó ìpolówó. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá ó máa gba nǹkan kan bí ẹ̀yin fúnra yín bá rí olùrà. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, ìjà ni.

Bí ẹ bá fún ejẹ́ntì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọjọ́ ìparí gbogbo wọn jẹ́ ọjọ́ kan náà, kí iye owó sì jẹ́ ọ̀kan. Olùrà tó bá rí ilé kan náà lórí WhatsApp ní mílíọ̀nù 18 láàárọ̀, tó tún rí i ní mílíọ̀nù 22 lálẹ́, gbájúẹ̀ ló máa pè é. Onílé a sì máa rò pé ọjà ló kú.

3. Ẹ kọ ọjọ́, ẹ má kọ oṣù

"Oṣù mẹ́ta" nìkan kò tó. Onílé á kà á láti ọjọ́ ìbuwọ́lùwé, ejẹ́ntì á ní ọjọ́ tí òun gba kọ́kọ́rọ́ lòun bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

*Àdéhùn yìí bẹ̀rẹ̀ ní 1 Oṣù Kẹta 2026, ó sì parí ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ 31 Oṣù Karùn-ún 2026. Kò ní tún ara rẹ̀ ṣe. Bí a bá fẹ́ fi ọjọ́ kún un, àwa méjèèjì la máa buwọ́ lu ìwé mìíràn.*

Estate surveyor tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ESVARBON, àjọ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní Nàìjíríà, sábà máa ń mú fọ́ọ̀mù tirẹ̀ wá. Ẹ wá ìlà tó sọ pé àdéhùn á máa lọ títí ẹnì kan á fi kọ̀wé dá a dúró, kí ẹ sì ní kí ó fà á yọ.

4. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé ìparí

Ibí yìí gan-an ni wàhálà pọ̀ sí. Ejẹ́ntì mú ẹnì kan wá wo ilé nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan. Onílé àti ẹni náà sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, wọ́n dúró kí àdéhùn parí, wọ́n ṣe é láàárín ara wọn. Nítorí èyí ni ejẹ́ntì tó gbọ́n fi máa ń ní kí ẹ kọ iye ọjọ́ kan tí owó rẹ̀ ṣì máa fi wà lẹ́yìn ìparí, ó sì tọ́ fún un. Kódà bí ẹ kò bá kọ ọ́, ejẹ́ntì tó bá lè fi hàn pé akitiyan òun ló mú títà náà ṣẹ lè pe onílé lẹ́jọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ìlà tó ní "ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ nípa ilé náà látọ̀dọ̀ wa, fún ọdún kan." Gbogbo ẹni tó ti wo status rẹ̀ nìyẹn! Ọgọ́ta ọjọ́ tó, àádọ́rùn-ún bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ńlá. Ní ọjọ́ méje tó kẹ́yìn ṣáájú ìparí, kí ejẹ́ntì kó orúkọ àwọn tó mú wá àti ọjọ́ tí kálukú wò ó fún yín. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, ejẹ́ntì kò lè gba owó lórí rẹ̀.

Bí ẹ bá gbé iṣẹ́ fún ejẹ́ntì tuntun, ẹ yọ àwọn orúkọ yẹn kúrò nínú àdéhùn tirẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé mílíọ̀nù 20, bí owó ejẹ́ntì bá jẹ́ ìdá 5 nínú 100, á ná yín ní mílíọ̀nù kan fún ejẹ́ntì kìíní, mílíọ̀nù kan fún èkejì.

Ẹ gba owó ní báńkì. Òfin ọdún 2022 tó dènà fífọ owó kò gbà kí ẹnì kan san ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ ní káàṣì, ọjọ́ tó sì wà lórí alert báńkì kò ṣeé jiyàn lé.

5. Bí ọ̀rọ̀ kò bá wọ̀ mọ́

Ẹ fi ìlà kan sí i pé ẹni tó bá fẹ́ jáde á kọ̀wé fún èkejì ní ọjọ́ 14 ṣáájú. Fún àbójútó ilé, oṣù mẹ́ta. Ẹ dá iye kan lé owó tí onílé máa san padà, bíi ti pátákó. Bí onílé bá kú, àṣẹ ejẹ́ntì parí nìyẹn. Àwọn tó bá jogún ilé ló máa bá a ṣe tuntun.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìwé agbára tí kò ṣeé gbà padà (irrevocable power of attorney, ìwé tó ń fún ẹlòmíì láṣẹ láti ṣe bí onílé) rọ́pò àdéhùn ejẹ́ntì. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́ta mọ́.

6. Lọ́jọ́ ìparí

Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ àti ẹ̀dà ìwé. Kí ó yọ pátákó, kí ó pa ìpolówó rẹ́. Ẹ kọ ìlà kan ṣoṣo tí ẹ̀yin méjèèjì buwọ́ lù: àdéhùn wa parí lónìí, orúkọ báyìí ló wà nínú àkọsílẹ̀. Bí ó bá ṣì ń kó èèyàn wá lẹ́yìn ìyẹn, lọ́yà ni kí ó kọ̀wé sí i. Àwọn onílé mìíràn á sáré fi ọ̀dà kọ "Ilé yìí kì í ṣe títà" sára ògiri, wọ́n á wá rí i pé ejẹ́ntì tuntun tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún kò lè mú ẹnikẹ́ni wá wo ilé títí wọ́n á fi kun ògiri náà tán.