Wáìnì Pupa Yẹn Kò Kan

Ọmọ adẹ́mu ni mí, ní Òmù-Àrán níbí. Bí ẹmu bá sùn di ọjọ́ kejì, bàbá mi kì í bù ú fún àlejò. Ìdí nìyẹn tó fi kù díẹ̀ kí n da ìgò wáìnì pupa tí ọmọ mi gbé wá láti Ìlọrin nù sẹ́yìnkùlé. Ẹnu kan ni mo mu, ahọ́n mi fún pọ̀ bíi ti ẹni tó jẹ obì àbàtà, mo ní ọtí ti kan. Kò kan. Èmi ni n kò mọ̀ ọ́n mu.

Oríṣi àjàrà mẹ́ta ni wọ́n pò sínú rẹ̀, ní Toscana ní ilẹ̀ Ítálì. Sangiovese, àjàrà ilẹ̀ wọn, ló ń jẹ́ kó kan díẹ̀ lẹ́nu, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe ìbàjẹ́. Cabernet Sauvignon ló ń fún un lágbára. Merlot ló ń rọ̀ ọ́. Ilẹ̀ Faransé ni àwọn méjì ìkẹyìn ti wá. Ohun tó ń fún ahọ́n pọ̀ yẹn, tánnìn ni wọ́n ń pè é: láti ara èèpo àti kóró àjàrà ló ti ń jáde, àgbá onígi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí náà ń fi díẹ̀ kún un. Ó wà nínú obì pẹ̀lú.

Ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Òyìnbó á ní kí ẹ mu ún bí ooru yàrá ṣe rí. Yàrá tiwọn ni wọ́n ń wí o! Bí ìwọ̀n ooru 16 sí 18 °C ló ti ń dùn, yàrá tèmi nínú oṣù kẹta sì ju 30 lọ. Ẹ gbé e sí firíìjì fún bíi wákàtí kan àti ààbọ̀. Bí kò bá sí iná, ẹ rì í bọ omi àmù. Ìyàwó mi kò gbà kí n ri ìgò bọ omi mímu, ni mo bá ra àmù tèmi.

Lẹ́yìn náà, ẹ dà á sínú jọ́ọ̀gì, kó gba atẹ́gùn fún wákàtí kan. Ìdúró ń ba ẹmu jẹ́. Ìdúró wákàtí kan ń tún èyí ṣe. Ṣùgbọ́n bó bá di ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn tí ẹ ṣí i, òun náà á kan lóòótọ́.

Kọ́ọ̀bù aláwòjá ni kí ẹ lò, ẹ má bu ju ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ. Ẹ yí i lọ́wọ́, kí ẹ fi imú sí i ṣáájú ẹnu. Àgbálùmọ̀ tó pọ́n jù ni mo kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀, lẹ́yìn náà awọ bàtà tuntun. Ọmọ mi ní èso òyìnbó tí wọ́n ń pè ní ṣẹ́rì ni. Èmi ò jẹ ṣẹ́rì rí, n ò lè purọ́. Ẹ mu díẹ̀, ẹ jẹ́ kó kárí ẹnu, ẹ gbé e mì, kí ẹ wá máa kà á bí adùn rẹ̀ ṣe pẹ́ tó. Tèmi kọjá ogún ìṣẹ́jú àáyá.

Wàrà ló wá là mí lójú. Wàrà díndín, láìsí ata, nítorí ata máa ń jẹ́ kí ọtí jó ẹnu. Ẹ jẹ ẹ́, kí ẹ mu wáìnì lé e: ọ̀rá wàrà á gba tánnìn mọ́ra, ahọ́n á tú sílẹ̀. Àna mi ní tòun, kóòkì ló bù sí i. N kò bá a jà, ṣùgbọ́n n kò tún bù fún un mọ́.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló máa kù nídìí ìgò. Bàbá mi ì bá mu ún. Ẹ̀yin ẹ dà á nù.