Àṣìṣe tẹ́ ẹ̀ ń ṣe lórí igi àgbálùmọ̀ (ó ti sú mi)

Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ihò, ẹ ti mọ̀yẹn. Owó tẹ́ ẹ̀ ń dànù ló ń dùn mí, torí ẹni tó bá mọ bígi yìí ṣe rí ò ní ná ìdajì ẹ̀.

1. Ẹ má sá kóró ẹ̀ gbẹ. Kì í ṣe àgbàdo téèyàn ń fi sórí àjà dọdún tó ń bọ̀, bó bá ti gbẹ, ó ti kú nìyẹn. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, kóró 200 ni mo sá sórí páànù fún ọ̀sẹ̀ 3, mo tún ń yí i bí ẹni ń sá ẹ̀lùbọ́. Méje ló hù. Àwọn ọmọ mi fi ìyókù tayò.

2. Ẹ yí ewé wò kẹ́ ẹ tó sanwó ọmọ igi. Àgbálùmọ̀ tiwa, ojú ewé ẹ̀ dúdú, ó ń dán, àmọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ funfun bíi pé wọ́n fi eérú kùn ún. Èyí tẹ́yìn ẹ̀ bá pọ́n bí idẹ, ìbátan ẹ̀ láti òkè òkun ni.

3. Igi tó lè ga ju mítà 25 lọ, abẹ́ wáyà iná lẹ fẹ́ gbìn ín sí?

4. "Akọ ni." Há! Èyí ló ń bí mi nínú jù. Bàbá kan pè mí pé kí n wá bá àwọn wo igi àwọn, ó ti pọ́dún 9 tí wọ́n gbin kóró ẹ̀, kò so, aládùúgbò sì ti ní akọ ni. Kí n tó débẹ̀ wọ́n ti sanwó fún ẹlẹ́ńjìnnì tó ń gé igi, igi ti wà nílẹ̀, oje funfun ṣì ń ṣẹ̀ lójú ibi tí wọ́n ti gé e. Mo gbé ẹ̀ka kan, mo wo ìdí ewé, òdòdó wẹẹrẹ ló ṣù jọ síbẹ̀! Mo fi hàn wọ́n. Bàbá ní kòkòrò ni. Ẹ gbọ́, ìbẹ́pẹ ló ní akọ. Òdòdó àgbálùmọ̀ kan ṣoṣo, takọ tabo ń bẹ nínú ẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ bá fi kóró gbìn ló máa ń pẹ́, ó lè tó ọdún 8, ó lè ju 10 lọ, adùn ẹ̀ sì lè má jọ ti ìyá ẹ̀. Tẹ́ ò bá lè dúró, ẹ ra grafted (èyí tí wọ́n so ẹ̀ka igi tó ti ń so mọ́ ìdí igi kékeré), kẹ́ ẹ sì wá àpá ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀ nítòsí ilẹ̀, torí àwọn kan ń pe kóró lásán ní grafted.

Ẹ̀n-ẹ́n, ewé tó ń pọ́n tó ń já níkọ̀ọ̀kan, ẹ má torí ẹ̀ ra fatiláísà. Igi tí ewé ẹ̀ máa ń tutù jálẹ̀ ọdún pàápàá ń pààrọ̀ ewé, díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣe tiẹ̀.

Ẹ má sì ká a lórí igi o, èyí tó bá jábọ́ fúnra ẹ̀ ló ti pọ́n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oje ẹ̀ á lẹ ètè yín pọ̀.

Bàbá yẹn tún pè mí lánàá, wọ́n fẹ́ ra mẹ́ta, àmọ́ wọn ò fẹ́ akọ. Mi ò lágbára àríyànjiyàn mọ́, mo ní abo ni gbogbo wọn.