Bí a ṣe ń tọ́jú ọmọ kékeré nígbà tí omíyalé bá dé abúlé

Ní àwọn abúlé etí odò Ògùn, láti ìsàlẹ̀ Abẹ́òkúta títí dé apá Ìṣẹrì, ìparí àsìkò òjò ló máa ń le jù. Tó bá fi máa di oṣù kẹsàn-án, ilẹ̀ ti mu omi yó, odò ti kún, dáàmù Ọ̀yán tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1983 á sì máa tú omi sílẹ̀ kó má baà kún ju agbára rẹ̀ lọ. Àwọn ará ibẹ̀ mọ èyí. Wọ́n mọ ibi tí wọ́n ń gbé ìrẹsì àti bẹ́ẹ̀dì sí. Àrunṣu tó ń tẹ̀lé omi náà ni ọ̀pọ̀ ilé kì í múra sílẹ̀ dè, bẹ́ẹ̀ òun ló ń yára mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lọ. Ìdí nìyí tí màá fi pẹ́ lórí rẹ̀ ju àwọn tó kù lọ.

Kí omi tó dé

Ẹ wá báàgì kan, ẹ fi kọ́ sókè. Káàdì àjẹsára ọmọ ni kó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀, kí ẹ fi ọ̀rá wé e dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ kó ORS (ìyẹ̀fun tí a ń pò mọ́ omi fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru) bíi mẹ́rin, oògùn zinc, ọṣẹ, ṣúgà, iyọ̀, ife kan àti ṣíbí kékeré kan sí i. Ẹ ká nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn mọ́ ọn. ORS àti zinc wà ní kẹ́mísítì, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé náà sì máa ń ní in. Ẹ rà á nígbà tí ọ̀nà ṣì ṣeé rìn.

Tí àjẹsára ọmọ bá ti tó gbà, ẹ má dúró de ìgbà tí òjò bá dá.

Omi tí ọmọ máa mu

Omi kànga tí àgbàrá ti wọ̀ kì í ṣe omi mímu mọ́, bó ti wù kó mọ́ lójú. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ju álọ́ọ̀mù sí i. Álọ́ọ̀mù ń mú ìdọ̀tí silẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í pa kòkòrò àrùn. Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí:

1. Ẹ jẹ́ kí omi silẹ̀, kí ẹ fi aṣọ funfun tó mọ́ sẹ́ ẹ.
2. Ẹ sè é títí tó fi máa hó kútúkútú, kí ẹ jẹ́ kó hó bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán.
3. Ẹ jẹ́ kó tutù nínú ìkòkò tó ní ìdérí. Ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ife tó ní ọwọ́ ni kí ẹ fi bù ú.

Tí igi bá tutù tí iná ò ràn, ẹ rọ omi tó ti silẹ̀ tó sì mọ́ sínú ìgò oníke tó mọ́ gaara tí a lè rí inú rẹ̀, kí ẹ tẹ́ ẹ sínú oòrùn fún wákàtí mẹ́fà. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, ọjọ́ méjì gbáko ni.

Omi tó ń rùn bí epo bẹntiróòlù tàbí oògùn oko kò ní àtúnṣe kankan nínú ilé. Sísè kò ràn án. Ẹ lọ wá òmíràn.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan ni tirẹ̀, kò nílò omi rárá. Àsìkò omíyalé gan-an ló léwu jù láti gbé fídà fún un, torí kò sí omi tó dára láti fi fọ̀ ọ́.

Tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí yàgbẹ́ gbuuru

Ìyá àgbà á ní eyín ló ń hù. Ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ ṣáà bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Yálà eyín ń hù tàbí kò hù, omi ló ń jáde lára ọmọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ dá a padà.

ORS ló dára jù. Ìwọ̀n omi tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni kí ẹ fi pò ó, ẹ má dín in kù kó baà "lágbára". Tí kò bá sí lọ́wọ́, ẹ po omi oníyọ̀ àti ṣúgà:

1. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́.
2. Ẹ wọn omi tó mọ́ lítà kan. Piọ́ wọ́tà oní-50cl méjì ló jẹ́ lítà kan.
3. Ẹ fi ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì bu ṣúgà mẹ́fà sí i. Kí ó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú etí ṣíbí, kó má ga.
4. Ẹ bu iyọ̀ ìdajì ṣíbí náà sí i, kí ẹ rò ó títí á fi yòrò.
5. Ẹ tọ́ ọ wò. Kò gbọ́dọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Tó bá jù ú lọ, ẹ dà á nù, torí iyọ̀ àpọ̀jù lè ṣe ọmọ ní jàǹbá.

Ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá ti yàgbẹ́, ẹ fún un ní ìdá kan nínú mẹ́rin ife sí ìdajì ife bí kò bá tíì pé ọdún méjì. Èyí tó bá ti pé ọdún méjì á mu ìdajì ife sí odindi. Ṣíbí ni kí ẹ máa fi fún un, díẹ̀díẹ̀. Bó bá bì, ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá kù lẹ́yìn wákàtí mẹ́rìnlélógún, ẹ dà á nù.

Zinc: ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, kódà bí ìgbẹ́ bá ti dá. Odindi hóró oní-20mg fún ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà, ìdajì fún èyí tí kò tíì pé. Ẹ má gba ọmú lẹ́nu ọmọ, ẹ má sì fi ebi pa á. Ẹ̀kọ, ẹyin, ẹja, ohun tó bá ṣeé jẹ ni kó máa jẹ. Flagyl tí wọ́n lọ̀ mọ́ ọ̀gì kì í dá omi padà sára, oògùn tí àgbàlagbà fi ń dá ìgbẹ́ dúró sì léwu fún ọmọdé.

Ìgbà tí ẹ ò gbọ́dọ̀ dúró wò

Ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn, kódà bó jẹ́ ọkọ̀ ojú omi, tí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí: ojú tàbí àwùjẹ tó jìn wọnú, awọ ikùn tí ẹ fà tí kò tètè padà, ọmọ tó rọ jọwọlọ tí kò lè mu, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ìgbẹ́ tó dà bí omi ìrẹsì, èyí tó lè jẹ́ onígbáméjì. Ẹ máa fún un ní ORS lọ́nà.

Ẹ ka mímí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko nígbà tí kò sunkún. Bó bá pé àádọ́ta fún ọmọ oṣù méjì sí mọ́kànlá, tàbí ogójì fún ọmọ ọdún kan sí márùn-ún, ẹ̀dọ̀fóró lè wà nínú ewu.

Bí gìrì bá gbé e, ẹ dà á lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má sì fún un ní ìtọ̀ màlúù.

Ìgbẹ́, ẹ̀fọn àti omi tó yí ilé ká

Ṣáláńgá á ti kún. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣu sínú póò tàbí ọ̀rá, kí ẹ dì í, kí ẹ gbé e síbi gíga títí ẹ ó fi rí ilẹ̀ gbígbẹ rì í mọ́. Ọwọ́ tó nu ìdí ọmọ gbọ́dọ̀ kan ọṣẹ kó tó kan oúnjẹ.

Ẹ yan àgbàlagbà kan tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa wo àwọn ọmọ lọ. Ọmọ tó ń rì kì í sábà pariwo.

Ẹ̀fọn á pọ̀ sí i bí omi bá ti ń fà, torí náà nẹ́ẹ̀tì ṣe pàtàkì nígbà yẹn pẹ̀lú. Bí ara ọmọ bá gbóná, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà láàárín ọjọ́ kan.

Tí omi bá fà

Ẹ sá bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ sínú oòrùn, kí ẹ fi ọṣẹ fọ ilẹ̀ àti ohun ìṣeré. Ẹ da oúnjẹ tí omi ti kàn nù, gààrí pẹ̀lú. Ẹ ké sí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n wá fọ kànga, kí wọ́n sì fi oògùn sí i. Títí dìgbà náà, ẹ máa bá omi sísè lọ.